Nígbà tí Mo Bẹ̀rẹ̀ sí í Bẹ̀rù Ṣúgà

Ní ọjọ́ Sátidé kan, mo gbé ẹ̀wà àti dòdò lọ fún ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ọ̀tà. Iṣẹ́ káfíńtà ni ó ń ṣe. Òun ni àkọ́bí ìyá wa, èmi ni mo sì kẹ́yìn. Òun ló mú mi kúrò ní Ìkirè wá sí agbègbè yìí nígbà tí mo parí ilé ẹ̀kọ́ girama, òun ló bá mi wá iṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ bísíkíìtì kan ní Ṣàngó, òun náà ló sì dúró bíi bàbá fún mi lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ti lọ jìnnà, nítorí náà èmi ni mo máa ń mójú tó oúnjẹ rẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀.

Nígbà tí mo dé, ó jókòó sórí àpótí, ó ń gbìyànjú láti bọ́ bàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀. Ó ní láti àárọ̀ ló ti ń ṣe òun bí ẹni pé bàtà náà há díẹ̀. Ó fà á, kò bọ́. Ó tún fà á.

Mo gbé oúnjẹ sílẹ̀. Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n bá yín fà á, Bọ̀dá mi."

Mo di gìgísẹ̀ bàtà náà mú, mo fà á tagbáratagbára. Nígbà tí ó bọ́, nǹkan kan ró pọ̀ọ́ bí ìgbà tí a bá yọ ìdérí ìgò. Ìbọ̀sẹ̀ funfun ni ẹ̀gbọ́n mi máa ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Èyí tí mo rí lẹ́sẹ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ náà ti pọ́n, ó ti dúdú létí, ó sì ti gan bí awọ tó ti gbẹ. Mo yí bàtà náà padà. Ìṣó kan ti wọ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, orí ìṣó náà ti tẹ́ pẹrẹsẹ mọ́ rọ́bà nísàlẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì yọ gọngọ sínú bàtà.

"Bọ̀dá mi, ẹ ti tẹ ìṣó!"

"Níbo?"

"Nínú bàtà yín! Ẹ wo ẹ̀jẹ̀! Ṣé kò dùn yín ni?"

Ó gbé ẹsẹ̀ náà lé orúnkún rẹ̀, ó wò ó bí ẹni tó ń wo ẹsẹ̀ ẹlòmíràn. Ó ti fi ẹsẹ̀ náà rìn láti àárọ̀. Ó ti fi gun àkàbà, ó ti fi gbé pákó láti ojú títì wọlé. Ó fi ìka tẹ ojú ihò náà, ẹ̀jẹ̀ sì tún rọra yọ.

Ó ní, "Kò dùn mí. Wò ó, mo tẹ̀ ẹ́, kò dùn mí rárá."

Ó ń rẹ́rìn-ín bí ó ṣe ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n kò gbé ojú kúrò lára ihò náà. Jìnnìjìnnì bò mí látòkè délẹ̀. Mo ti rí ẹ̀jẹ̀ rí, mo ti bímọ, mo sì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ gé ìka ẹnìkan ní ilé iṣẹ́ wa. Èyí tí ń dẹ́rù bà mí ni pé ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń jáde lára rẹ̀ kò mọ̀.

Ọ̀sẹ̀ náà kò tíì parí tí ẹsẹ̀ ọ̀hún fi wú. Ó ní òun ti da omi gbígbóná àti iyọ̀ sí i, òun sì ti lo oògùn tí wọ́n tà fún òun ní kẹ́mísìtì. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, mo gbọ́ òórùn kan kí n tó rí i. Mo mọ òórùn náà.

Ọkọ mi ló wá bá wa gbé e lọ sí ọsibítù. Wọ́n gún ẹ̀gbọ́n mi níka, wọ́n gba ìtọ̀ rẹ̀, wọ́n sì ní kí a dúró. Dókítà tó wá bá wa jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tí kì í pariwo. Ó ní ṣúgà tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi ti ga kọjá ibi tó yẹ kó wà, ó sì ti pẹ́ tó ti ń ba àwọn iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní ìdí nìyẹn tí kò fi mọ ìgbà tí ìṣó wọlé. Ó ní àwọn máa dá a dúró, àwọn máa gbìyànjú láti gba ẹsẹ̀ náà là.

"Láti gbà á là lọ́wọ́ kí ni?" ẹ̀gbọ́n mi bi í.

Dókítà ṣí fáìlì rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ṣé ẹnìkankan ti ní irú àìsàn yìí rí nínú ẹbí yín?"

Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi wo ojú ara wa. Ìyá wa ló wá sí wa lọ́kàn. Ìyá wa tó máa ń mu omi bí ẹni pé iná ń jó nínú rẹ̀. Ojú rẹ̀ kọ́kọ́ ṣókùnkùn, lẹ́yìn náà egbò kan yọ sí gìgísẹ̀ rẹ̀, kò sì jinná títí ó fi kú. Gbogbo àdúgbò ló ní ó ti tẹ nǹkan tí ayé gbé kalẹ̀ fún un. A gbé e láti ilé àdúrà kan dé òmíràn. Èmi ni mo máa ń wẹ egbò náà nígbà tí mo bá ti ilé ẹ̀kọ́ dé, ìdí nìyẹn tí mo fi mọ òórùn yẹn.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ìyá wa."

Dókítà yíjú sí mi. "Ẹ̀yin náà, mà, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́."

Mo ní mo gbọ́. Mi ò lọ.

Kí ẹ lè mọ ohun tí mò ń sá fún, ó yẹ kí n sọ ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ fún yín. Ìdí ẹ̀rọ tó ń po fúláwà ni mo wà nígbà náà. Àwa là ń da bọ́tà, mílíìkì àti ṣúgà sí i. Àpò ṣúgà ńláńlá ni wọ́n máa ń kó wá bá wa, bí a bá sì ti tú u sínú ẹ̀rọ, lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ á fò sókè bí èéfín, á rọra balẹ̀ sórí gbogbo nǹkan. Ó máa ń balẹ̀ sórí ìpéǹpéjú wa, ó máa ń wọ etí wa. Bí mo bá fi ahọ́n kan ètè mi, adùn ni. Nígbà tí àwọn ọmọ mi wà ní kékeré, bí mo bá ti wọlé láti ibi iṣẹ́, wọ́n á sáré wá lá ọwọ́ mi, a ó sì jọ máa rẹ́rìn-ín. Bísíkíìtì tó bá kán, wọn kì í fi du àwa òṣìṣẹ́. A máa ń fi ọtí ẹlẹ́rìndòdò tó tutù nini sìn ín ní ọ̀sán. Lẹ́yìn ìyẹn, tíì mi nílé kì í gba ṣúgà kékeré, gàrí mi náà kò sì dára lẹ́nu mi bí kò bá dùn.

Òùngbẹ ti ń gbẹ mí. Mo ti mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n mo ní ooru ẹ̀rọ ni. Mo máa ń lọ sí ilé ìtọ̀ ṣáá, mo sì ní omi tí mo mu ló fà á. Lẹ́yìn tí wọ́n dá ẹ̀gbọ́n mi dúró sí ọsibítù, kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀ lára mi tí kò já mi láyà mọ́. Bí ojú mi bá ṣe bàìbàì díẹ̀ nínú oòrùn, mo ti di afọ́jú nìyẹn. Bí ẹsẹ̀ mi bá kú nítorí pé mo jókòó lé e, mo ti fo dìde, mò ń fi ẹsẹ̀ náà gbá ilẹ̀ gbì gbì. Mo gbà pé bí mi ò bá ṣe àyẹ̀wò, kò sí ẹni tó lè pe àìsàn náà mọ́ mi lórúkọ.

Ọkọ mi ló ká mi mọ́. Iṣẹ́ àtúnṣe fíríìjì ló ń ṣe, ènìyàn tó máa ń fi ara balẹ̀ wá ibi tí nǹkan ti ń jò ni. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, bí mo ṣe ń múra iṣẹ́, ó pè mí láti balùwẹ̀.

"Ìyàwó mi, wá wo nǹkan."

Mo lọ. Èèrà ni. Wọ́n tò láti abẹ́ ilẹ̀kùn, wọ́n tẹ̀ lé ẹ̀gbẹ́ ògiri, wọ́n sì pagbo sí ibi tí mo tọ̀ sí ṣíwájú kí n tó wẹ̀, tí omi kò kàn dáadáa.

Ó bi mí pé, "Ta ló wọ ibí kẹ́yìn?"

Ó wò mí títí. Kò bínú, kò sì pariwo. Ó kàn bu omi, ó da àwọn èèrà náà lọ, ó ní, "O ò ní lọ síbi iṣẹ́ lónìí. Má fi nǹkan kan kan ẹnu."

Ilé ìwòsàn kékeré tó wà lọ́dọ̀ wa ní Ìtẹ̀lé la lọ. Nọ́ọ̀sì àgbàlagbà kan ló gún mi níka. Ó fi ẹ̀jẹ̀ náà kan bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó wà lẹ́nu ẹ̀rọ tí kò ju fóònù lọ, a wá ń dúró. Mo ti jókòó sórí àga yẹn rí nígbà oyún, mo ti jókòó síbẹ̀ nígbà tí ibà ń ṣe àwọn ọmọ, àga náà kò sì le tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo ń wo ojú nọ́ọ̀sì náà, mi ò wo ẹ̀rọ. Mo rí i tí ó fa ètè rẹ̀ wọlé.

"Ṣé ẹ ti jẹun láàárọ̀ yìí, mà?"

"Rárá."

"Ẹ ò mu tíì? Ẹ ò mu nǹkan kan?"

"Omi nìkan."

Ó gbé àga rẹ̀ sún mọ́ mi. Ó ní àìsàn ṣúgà ti wọ̀ mí lára, ṣùgbọ́n mo tètè wá. Dókítà wọlé, ó kọ oògùn fún mi. Nọ́ọ̀sì sọ ohun tí mo gbọ́dọ̀ jẹ, ohun tí n kò gbọ́dọ̀ jẹ, ìgbà tí n ó máa lo oògùn, ohun tí mo gbọ́dọ̀ ṣe kí n tó lò ó. Ẹnu rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Ní gbogbo àkókò yẹn, gìgísẹ̀ ìyá mi ni mò ń rí. Mo kàn ń mi orí bí ẹni tó ń gbọ́. Ọkọ mi sì ti lọ síta lọ gba oògùn.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wọ̀ mí létí dáadáa: kí n fi ṣúgà sílẹ̀.

Mo sì fi í sílẹ̀ bí ẹni tó sá jáde nínú ilé tó ń jó. Mo délé, mo kó agolo ṣúgà, mílíìkì oní-ṣúgà, ìgò ẹlẹ́rìndòdò tó wà nínú fíríìjì, búrẹ́dì aládùn àti súwíìtì tí àwọn ọmọ fi pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí, mo kó gbogbo rẹ̀ fún àwọn aládùúgbò. Ọmọbìnrin mi àgbà, tó ti fẹ́ parí ilé ẹ̀kọ́ girama, dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí.

"Mọ́mì, kí la wá fẹ́ fi mu gàrí?"

"Ẹ̀pà," mo dá a lóhùn. "Omi tútù àti ẹ̀pà."

Àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́ burú. Orí fọ́ mi bí ẹni pé wọ́n ń kan ìṣó sí i. Inú ń bí mi sí gbogbo ènìyàn. Mo máa ń dédé rí ara mi níwájú pẹpẹ tí agolo ṣúgà máa ń wà, mi ò sì mọ ohun tí mo wá ṣe níbẹ̀. Ibi iṣẹ́ ló wá le jù. Mo fi aṣọ méjì di imú àti ẹnu mi, nítorí mo rò pé lẹ́búlẹ́bú ṣúgà lè gba ihò imú mi wọ ẹ̀jẹ̀ lọ. Bí mo bá tú àpò kan tán, mo ti sáré lọ fọ ojú, mo ti ń tutọ́.

Ọ̀rẹ́ mi kan wà tí a jọ ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ náà, ará Ọ̀yọ́ ni, ọwọ́ rẹ̀ le, ẹnu rẹ̀ sì dùn. Ó na bísíkíìtì tó kán sí mi.

"Jẹ ẹ́ jàre. Kí ni ìwọ̀nba yìí fẹ́ fi ẹ́ ṣe?"

"Gbé e kúrò lọ́dọ̀ mi."

"Ṣé májèlé ni?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Májèlé ni."

Ó wò mí, ẹ̀rín kú mọ́ ọn lẹ́nu. Ó jẹ bísíkíìtì náà fúnra rẹ̀, kò sì fi lọ̀ mí mọ́.

Bí ó bá jẹ́ pé ṣúgà nìkan ni mo fi sílẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ náà ì bá má rí bí ó ṣe rí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù kì í mọ ibi tó yẹ kó dúró. Ẹnìkan sọ fún mi pé ẹ̀bà náà máa ń di ṣúgà nínú, mo fi ẹ̀bà sílẹ̀. Wọ́n ní ìrẹsì burú jù ú lọ, mo fi ìrẹsì sílẹ̀. Mo fi iṣu sílẹ̀, mo fi ọsàn sílẹ̀, mo sá fún ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́. Mo ń fún omi ewúro mu láàárọ̀, kíkorò rẹ̀ á máa tẹ̀ lé mi dé ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́. Mo ń lo oògùn mi déédéé, nítorí mo rò pé bí mo bá lo oògùn tí mi ò sì jẹun, kíá ni ṣúgà náà máa tán lára mi. Ní alaalẹ́, kí n tó wọlé sùn, mo máa ń fa ẹyọ ìgbálẹ̀ kan yọ, mo máa ń fi gún àtẹ́lẹsẹ̀ mi láti ìka dé gìgísẹ̀. Bí ó bá dùn mí, mo dúpẹ́. Bí ibì kan kò bá dùn mí tó bí mo ṣe fẹ́, mo tún gún un.

Ọkọ mi rí i pé mò ń rù. Ó ní, "Ṣé nọ́ọ̀sì ní kí o máa gbààwẹ̀ ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ló sọ.

Nígbà yẹn, wọ́n ti ń tọ́jú ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ní ìwọ̀sàn ti ń wọ apá kan, ṣùgbọ́n ọmọ ìka ẹsẹ̀ méjì ti kú, wọ́n ti dúdú bí èédú. Wọ́n gbọ́dọ̀ gé wọn kí kíkú náà má baà gòkè. Lọ́jọ́ tí wọ́n máa ṣe é, mo lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, mo tọrọ ààyè, wọ́n ní kí n lọ lẹ́yìn ọ̀sán. Mo ti lo oògùn mi, mo ti mu omi ewúro. Kò sí oúnjẹ kankan nínú mi. Ta ló lè jẹun lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ gé ọmọ ìyá rẹ̀?

Ọ̀rẹ́ mi ará Ọ̀yọ́ náà tẹ̀ lé mi jáde, ó ní òun máa sìn mí dé ibi tí mo ti máa wọkọ̀. A rìn dé Toll Gate. Oòrùn mú, àwọn ọlọ́kọ̀ ń pe èrò, àwọn ọlọ́kadà ń gba àárín wa kọjá. Mo kọ́kọ́ rò pé ìpayà ẹ̀gbọ́n mi ló ń gbọ̀n mí lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà òógùn bò mí, òógùn tútù. Aṣọ iṣẹ́ mi lẹ̀ mọ́ mi lẹ́yìn. Àyà mi ń lù kì kì kì. Ariwo ojú títì jìnnà sí mi, bí ẹni pé mo wà nínú àgbá tí wọ́n dé lórí. Mo fẹ́ sọ fún ọ̀rẹ́ mi pé kó dì mí mú, ṣùgbọ́n ahọ́n mi wúwo.

"Kí ló dé? Kí ló ń ṣe ẹ́?" Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti òkèèrè.

Ẹsẹ̀ mi yẹ̀. Ó gbá mi mú ní abẹ́ apá, ó sì gbé mi jókòó sórí bẹ́ǹṣì obìnrin kan tó ń ta ohun mímu tútù. Àwọn ènìyàn pé lé mi lórí. Ẹnìkan ń fẹ́ mi, ẹnìkan da omi lé mi lórí. Mo rò ó nínú mi pé ikú nìyí. Mo rò pé ibi tí wọ́n ti máa sọ fún àwọn ọmọ mi pé mo kú sí nìyí, ní Toll Gate, nínú aṣọ iṣẹ́.

Obìnrin ọlọ́jà náà ní, "Ẹ fún un ní nǹkan tútù kí ojú ẹ̀ lè dá." Mo gbọ́ tí ìdérí ìgò ré. Nígbà tí ẹnu ìgò náà kan ètè mi, mo mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹlẹ́rìndòdò ni. Mo pa eyín mi dé. Gbogbo agbára tó kù lára mi ni mo fi ń yí orí kúrò. Mo fẹ́ kígbe pé wọ́n fẹ́ pa mí, pé ohun tó ń pa mí nìyẹn, ṣùgbọ́n kò sí ohùn.

Ọ̀rẹ́ mi di àgbọ̀n mi mú. "Yanu! Mo ní kí o yanu! O ò ní kú sí mi lọ́wọ́ o!"

Ó ń sunkún bí ó ṣe ń pariwo mọ́ mi. Omije rẹ̀ ló jẹ́ kí n yanu, kì í ṣe pé mo gbà. Adùn náà wọlé. Mo gbé e mì, ó tún rọ díẹ̀ sí i, mo tún gbé e mì. Mo jókòó síbẹ̀, mò ń retí ikú.

Ikú kò dé. Kò pẹ́ rárá tí ọwọ́ mi fi dẹ́kun gbígbọ̀n. Ariwo ojú títì padà sí etí mi díẹ̀díẹ̀. Mo rí ojú ọ̀rẹ́ mi, mo rí àwọn ìgò tó wà nínú yìnyín, mo sì mọ ibi tí mo wà. Èyí tún wá dẹ́rù bà mí ju gbogbo rẹ̀ lọ, nítorí mi ò mọ ohun tí mo lè sá fún mọ́. Mo sunkún lórí bẹ́ǹṣì yẹn bí ọmọdé.

Ọ̀rẹ́ mi kò jẹ́ kí n nìkan lọ. Nígbà tí a dé ọsibítù, wọ́n ti ṣe tán lára ẹ̀gbọ́n mi. Ó dùbúlẹ̀, ojú rẹ̀ là, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lórí ìrọ̀rí nínú báńdéèjì funfun. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Ó ní, "Wọn ò jẹ́ kí n sùn. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n fún mi, wọ́n ní mi ò ní mọ̀ ọ́n lára. Lóòótọ́, mi ò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ, àbúrò mi."

"Kí lẹ gbọ́?"

"Ìró rẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti ń fi ayùn rẹ́ pákó, mo mọ ìró yẹn. Mo ń gbọ́ ọ, mo sì mọ ìgbà tó já."

Òun ló tọ́ mi dàgbà, mi ò sì rí i kó sunkún rí, àfi lọ́jọ́ ikú ìyàwó rẹ̀. Ó yíjú sí ògiri. Mo jókòó tì í títí tí ọkọ mi fi dé.

Ọ̀rẹ́ mi ló sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Toll Gate fún ọkọ mi. Ní ọjọ́ kejì, ọkọ mi wọ́ mi padà lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì àgbàlagbà yẹn. Lọ́tẹ̀ yìí, kò lọ síta. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Nọ́ọ̀sì náà gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Ẹ lo oògùn, ẹ ò jẹun?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ẹ tún mu ewúro lé e?"

Mo mi orí.

"Ta ló ní kí ẹ má jẹun?"

"Ẹ̀rù ló ń bà mí, mà."

Ó ní, "Kò burú kí ẹ̀rù bà yín. Ṣùgbọ́n ṣúgà yín ló lọ sílẹ̀ jù lánàá. Bí ẹ ò bá rí ẹni fún yín ní nǹkan dídùn, à bá má jọ jókòó báyìí."

Ó tún gbogbo rẹ̀ sọ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì ní kí n máa tún un sọ tẹ̀ lé òun. Ṣúgà tí à ń bù sí nǹkan ni kí n fi sílẹ̀, àti ẹlẹ́rìndòdò, àti bísíkíìtì. Oúnjẹ kò gbọ́dọ̀ kọjá àkókò rẹ̀. Kí n bu ẹ̀bà tó kéré, kí ẹ̀fọ́ àti ẹja pọ̀ lórí rẹ̀. Kí n jẹ ẹ̀wà, kí n jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò pọ́n, kí n máa rìn. Kí n jẹun kí n tó lo oògùn. Lẹ́yìn náà ó ní kí n máa gbé hóró ṣúgà díẹ̀ sínú báàgì mi níbikíbi tí mo bá ń lọ, kí irú ti àná má baà bá mi lójijì.

Mo ní, "Ṣúgà? Kí èmi máa gbé ṣúgà kiri?"

"Ṣúgà, mà."

Títí dòní, ó wà nínú báàgì mi, mo dì í sínú ọ̀rá kékeré. Bí mo bá ń wá kọ́kọ́rọ́, tí ìka mi bá kàn án, àyà mi á já.

Nígbà tí wọ́n dá ẹ̀gbọ́n mi sílẹ̀, a mú un wá sílé wa ní Ìtẹ̀lé. Ìyàrá tí àwọn ọmọkùnrin mi ń lò la fún un. Èmi ni mo ń yẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ wò láràárọ̀, láàárín ọmọ ìka, lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀, mo sì ń gbọ́ òórùn rẹ̀. Egbò náà jinná díẹ̀díẹ̀. Ó kọ́kọ́ ń kùn nípa oúnjẹ.

Á ní, "Tíì yìí dà bí omi tí wọ́n fi fọ ife."

"Ẹ mu ún bẹ́ẹ̀, Bọ̀dá mi."

"Ṣé o ò lè fi kinní kan kàn án ni? Díẹ̀ báyìí?"

"Mi ò lè fi kàn án."

Nígbà tó yá, kò kùn mọ́. Ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, kí ọ̀nà tó kún, èmi àti òun máa ń rìn dé ojú títì, a ó sì padà. Ó ń tiro, mo ń rìn jẹ́jẹ́ nítorí rẹ̀. Mo máa ń wo ilẹ̀ níwájú rẹ̀ ní gbogbo ọ̀nà. Ìgò tó fọ́, òkúta, okùn wáyà, mo ti fi ẹsẹ̀ gbá a kúrò kí ó tó dé ibẹ̀. Ó ní mò ń ṣe bí ìyá tó ń kọ́ ọmọ rìn. Ó ti padà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ báyìí, ó sì máa ń gbé bàtà rẹ̀ gbọ̀n, ó ń ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀, kí ó tó wọ̀ ọ́. Ní ilé iṣẹ́, mo bẹ̀ wọ́n títí wọ́n fi gbé mi kúrò nídìí ẹ̀rọ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń di bísíkíìtì sínú páálí. Ìyẹn dára fún mi ju ibi àkọ́kọ́ lọ. Kò sí lẹ́búlẹ́bú níbẹ̀.

Ara mi ti fúyẹ́. Òùngbẹ yẹn ti lọ, mo ń sùn títí ilẹ̀ fi ń mọ́. Nígbà tí mo ṣe àyẹ̀wò kẹ́yìn, nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín sí mi kó tó sọ̀rọ̀, dókítà sì dín oògùn mi kù. Síbẹ̀, bí mo bá ti jókòó sórí àga yẹn tí wọ́n mú ìka mi, ẹnu mi máa ń gbẹ.

Ẹ̀rù tó ń bà mí nítorí ara mi ti dínkù, ṣùgbọ́n apá kan rẹ̀ ti kọjá sọ́dọ̀ ọmọbìnrin mi àgbà. Òun ló fara jọ ìyá mi jù nínú àwọn ọmọ mi, lójú, lọ́rùn, títí dé bí ó ṣe ń rìn. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan láìpẹ́ yìí, ó ti ọjà dé, ó bu omi mu, ó gbé e tán lẹ́ẹ̀kan náà. Ó tún bu òmíràn. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣíìnì, mò ń wò ó.

Ó rí mi. Ó gbé ife sílẹ̀.

"Mọ́mì, oòrùn ló mú. Mo rìn wálé ni."

"Mo mọ̀."

"Ẹ ti ń wò mí bẹ́ẹ̀ láti bí ìgbà tí ara yín ò ti yá. Gbogbo ìgbà tí mo bá mumi lẹ máa ń wò mí." Ó wá nu ẹnu rẹ̀. "Ó dáa, ẹ jẹ́ ká lọ ṣe àyẹ̀wò náà, kí ọkàn yín lè balẹ̀."

A lọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Òun ló ń dì mí lọ́wọ́ mú lójú ọ̀nà, bí ẹni pé èmi ni wọ́n fẹ́ gún. Ó na ìka rẹ̀ fún nọ́ọ̀sì láìwo ibòmíràn. Mo di ojú mi. Mo gbọ́ tí nọ́ọ̀sì ní, "Kò sí nǹkan kan, mà. Ara ọmọ yín dá ṣáṣá." Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ.

Nígbà tí a jáde, a dúró ra ẹ̀fọ́ ṣọkọ àti ẹja gbígbẹ lẹ́bàá ọ̀nà. Ọmọ mi ń ná ọjà, ohùn rẹ̀ ń lọ sókè, ó ń bá obìnrin ọlọ́jà náà ṣeré. Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀, mo ń wo gìgísẹ̀ rẹ̀ nínú sálúbàtà, mo sì sọ fún un pé láti ọ̀la lọ, òun náà máa bá wa rìn láàárọ̀.

Ó ní, "Láago mélòó?"

Mo ní, "Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀."